Ojú Màmá Nínú Fóònù

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tó ń gbé Kàdúná, ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì inú ilé ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí.

Màmá wa wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú wọn, ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu wọn mọ́. Ojú àti ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń bá wa sọ̀rọ̀. Nígbà tí GSM dé ní 2001, ohùn nìkan ti tó wa. Nísinsìnyí, bí a kò bá rí wọn, a kò lè mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ẹ̀yin náà sì mọ bí ọ̀nà ti rí, a kì í lè lọ sílé bí a ti fẹ́. Alaalẹ́ ọjọ́ Ìsinmi ni a ń pè wọ́n lórí WhatsApp. Bí wọ́n bá ti gbọ́wọ́ sókè báyìí, àwòrán á dúró gbagidi. Ṣé omi ni wọ́n ń béèrè ni, àbí wọ́n ń súre? A kì í mọ̀.

A bínú sí ilé iṣẹ́ tó ń ta dátà fún wa, a sì ra èyí tó wọ́n jù, mẹ́gábíìtì 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àṣé a tilẹ̀ ṣi í gbọ́. Mẹ́gábíìtì kọ́ ni mẹ́gábáìtì: bíìtì 8 ló wà nínú báìtì kan. Fídíò tó jẹ́ mẹ́gábáìtì 20 yóò gba ìṣẹ́jú àáyá 8, bí gbogbo nǹkan bá lọ déédé.

Ọ̀dọ́ kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ló wá wò ó. Ó ní, “Ráútà yín dà?” Inú yàrá ni, láàárín kọ́bọ́ọ̀dù onírin àti fíríìjì, nítorí olè. Ó fi fóònù wọn ìyára rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, ó jẹ́ 17. Ó wọn ọ́n ní pálọ̀, ó di 3. Irin àti ògiri búlọ́ọ̀kù wa ló ń jẹ ohun tí a ń sanwó rẹ̀! Ó gbé ráútà lọ sókè lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó ní ọ̀nà 2.4 GHz máa ń dé ọ̀nà jíjìn ṣùgbọ́n kò yára, ti 5 GHz yára ṣùgbọ́n ògiri máa ń borí rẹ̀. Nítorí náà 5 ni kí a máa lò ní pálọ̀. Ó wá ka fóònù tó wà lórí rẹ̀: 14! Àwa 6 là ń gbé ilé. Àbíkẹ́yìn wa ti fún gbogbo kọ́ḿpáǹdì ní ọ̀rọ̀ aṣínà, ó ní ṣebí àwa la ní kí òun máa ṣe dáadáa sí aládùúgbò.

Lálẹ́, gbogbo àdúgbò ló ń fa dátà lára òpó kan náà, nítorí náà a sún ìpè Màmá sí ìdájí. (Ti oṣù kẹta 2024, tí àwọn okùn abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan, ìyẹn kọjá agbára ráútà ẹnikẹ́ni.)

Síbẹ̀ àwòrán ṣì ń dúró. Ọmọ náà ní, “Ẹ má bínú o, àwòrán Màmá ò ti Kàdúná wá, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń bọ̀.” Ohun tó ń jáde láti inú fóònù máa ń kéré sí ohun tó ń wọlé, ohun tó sì ń jáde lọ́dọ̀ Màmá ni àwa ń wò. Yàrá ẹ̀yìn ni Màmá ń jókòó sí, fèrèsé títì pa. A bẹ àbúrò wa tó ń tọ́jú wọn pé kó gbé àga wọn lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, àwòrán lọ geerege. Màmá gbọ́wọ́ òsì sókè, wọ́n fi kan orí ara wọn, wọ́n wá nawọ́ sí bàbá ilé wa, lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kó lọ gẹ irun. Ó jọ pé ohun tí wọ́n ti ń sọ láti oṣù méjì nìyẹn.