Ọ̀dà Funfun Tí Kò Funfun Tán

Láti ọdún 2011 tí wọ́n ti dá Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́, tó sì ní ẹ̀ka ní Ìkọ̀lé, ilé tuntun ń yọ káàkiri lọ́dọ̀ wa. Ọ̀pọ̀ èyí tí mo wọ̀, funfun tí kò funfun tán ni ọ̀dà inú wọn. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kékeré ni, kò tíì yan ọ̀kan rí ni.

Ojú màmá mi ti ń ṣe bàìbàì. Funfun báláú ń ta wọ́n lójú lọ́sàn-án. Bí yàrá bá sì ṣókùnkùn, wọ́n lè ṣubú. Akunlé kó páálí àpẹẹrẹ mẹ́ta wá fún yàrá wọn: kírímù, magnolia àti ivory. Ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀ jọ lójú mi. Ìyàwó mi ní, "Áfàá, ẹ tún un wò. Ọ̀kan dà bí òrí, ọ̀kan dà bí ògì, ọ̀kan sì pọ́n díẹ̀." Mo rán an létí àwọn tó ń bèèrè àwọ̀ màlúù nínú Súúrátùl-Bàkárà títí ọ̀rọ̀ fi le mọ́ wọn lọ́wọ́. Ó ní, "Màlúù kọ́ la fẹ́ kùn."

Ọ̀dà funfun ni ìpìlẹ̀ gbogbo wọn. Àwọ̀ ìyeyè, pupa tàbí dúdú díẹ̀ tí wọ́n kán sí i ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Lórí páálí kékeré, ojú kì í tètè rí i. Bó bá bo ògiri mẹ́rin, tí ọ̀kan ń tan àwọ̀ sára èkejì, á wá fara hàn. Emulsion tún máa ń ṣú díẹ̀ sí i bó bá gbẹ. Mo wá ní kí akunlé kun ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lóòró àti níbùú fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ká fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Nígbà tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń ta lu erùpẹ̀ pupa Ìkọ̀lé níta, tó ń tàn wọlé láti ojú fèrèsé, magnolia pọ́n bí ẹni fi osùn sí i. Kírímù dára láàárọ̀, àmọ́ lábẹ́ gúlóòbù aláwọ̀ ìyeyè lálẹ́, bí aṣọ funfun tó ti gbó ló rí. Ivory ni kò yí padà púpọ̀.

Màmá ò bìkítà fún orúkọ. Mo gbé ọ̀pá dúdú tí wọ́n fi ń rìn síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí mo dé ivory, wọ́n ní, "Ibí yìí ni mo ti rí i kedere."

Akunlé fẹ́ ra garawa kan ná, kó ra ìkejì lọ́la. Mo kọ̀. Ọ̀dà tí wọ́n fọwọ́ pò, ti ọ̀la lè má bá ti òní mu. Méjèèjì la rà lẹ́ẹ̀kan náà, mo sì ní kó da wọ́n pọ̀ kó tó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́.