Ìwé Ọ̀gá Mi

Ọmọ àbúrò mi tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Paraku wá kí mi ní Kàbúà lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìntì. Ó ní: “Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni pé ọwọ́ lẹ fi ń kọ ọ̀nà sínú router?” Bẹ́ẹ̀ ni. Ọwọ́ la fi ń sọ ọ̀nà tí ìsọfúnni yóò gbà fún router, ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀. Kò sì sí èyí tí a kò mọ ibi tó já sí.

Ọ̀gá mi, ará Dásà, ní ìwé ńlá kan tó fi aṣọ bò lẹ́yìn. Gbogbo ọ̀nà láti Kútọnu dé Paraku ló wà níbẹ̀: bíìkì dúdú fún èyí tó ṣeé fọkàn tán, pupa fún èyí tí òjò máa ń dà láàmú. Kò ní fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà láìkọ́kọ́ ṣí ìwé náà. Nígbà tí RIP dé, tí router ń ka gbogbo ohun tó mọ̀ fún aládùúgbò rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30, ọ̀gá ní àgbọ́sọ lásán ni. OSPF ló gbà fún díẹ̀, torí router kọ̀ọ̀kan ní àwòrán gbogbo ọ̀nà lọ́wọ́, ìṣirò tí Dijkstra gbé jáde ní 1959 ló sì fi ń yan ọ̀nà.

BGP, tó ń yan ọ̀nà láti iléeṣẹ́ kan sí òmíràn, ti wà láti 1989, àmọ́ òun náà kò lè dá ọ̀nà sílẹ̀. Nígbà tí wáyà abẹ́ òkun já lápá Abidjan ní oṣù Kẹta ọdún 2024, gbogbo wa rí i: ọ̀nà tí ènìyàn kò là, protocol kankan kò lè yà sí i.

Ohun tó dùn mí ni pé ọdún tí iléeṣẹ́ wa gba OSPF ni wọ́n da ìwé ọ̀gá sí ààtàn. Àwọn ọmọ tó mú ìwé ẹ̀rí dé ní iṣẹ́ ọwọ́ ti tán. Èmi kò jiyàn. Mo kàn fọwọ́ kọ ọ̀nà kan sí apá Ṣábẹ̀ẹ́, mo fún un ní 250, kí OSPF tó ní 110 lè máa ṣíwájú rẹ̀, torí nọ́ńbà tó kéré ni router ń kọ́kọ́ tẹ̀ lé. Wọ́n ní alágídí ni mí.

Lálẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú wọn yí àkókò hello, ìkíni tí àwọn router OSPF fi ń mọ̀ pé ẹnì kejì ṣì wà, padà lápá kan, kò yí i lápá kejì. Wáyà ò já, iná ò lọ, àmọ́ kò pẹ́ tí àwọn router fi kọ ara wọn sílẹ̀. Ọ̀nà tí mo fọwọ́ kọ ló gbé gbogbo ẹrù títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò sẹ́ni tó dúpẹ́. Ẹni tó bá ní agídí ni, kó sọ ohun tí ì bá gbé ẹrù náà.