Kí Ni Ká Máa Pè É?

Nínú igbó páìnì tó wà ní Ngwo, lẹ́bàá ìlú Enugu, òjìji ló pọ̀ ju oòrùn lọ. Igi àjèjì ni páìnì nílẹ̀ wa, ńṣe ni wọ́n gbìn ín. Ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, èyí tó sì ti já bọ́ tẹ́ sílẹ̀ bí ẹní, débi pé a ò gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara wa. Àwọn tá a jọ lọ ń ya fọ́tò. Èmi ń ṣa ohun kan tó wà káàkiri ojú ọ̀nà: ó le bí igi, ìpẹ́ sì tò léra yí i ká bí ìpẹ́ ẹja.

Àbúrò ọ̀rẹ́ mi gba ọ̀kan lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí Yorùbá lẹ̀ ń kà ní yunifásítì? Kí là ń pe èyí?"

Mo ní kò tíì ní orúkọ.

Ó ní, "Ẹ wá sọ ọ́ lórúkọ nígbà náà."

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. "Èso páìnì" ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n páìnì kì í yọ òdòdó, kì í sì í so èso bíi máńgòrò. Hóró méjì ló máa ń wà lórí ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan, ní ìhòòhò, pẹ̀lú ìyẹ́ fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn fi ń gbé wọn lọ. Bí ojú ọjọ́ bá gbẹ, ìpẹ́ á là kí hóró lè fò jáde. Bí òjò bá rọ̀, á pa dé, torí pé ẹ̀yìn ìpẹ́ máa ń wú ju inú rẹ̀ lọ tó bá fa omi mu. Ìyẹn ló ń tẹ̀ ẹ́ wọlé. Kódà èyí tó ti já bọ́, tó ti kú pátápátá, ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí mo ṣà níbi tí oòrùn ń kàn ti là. Àwọn tó wà lábẹ́ ewé tútù pa dé gbáà.

Iṣẹ́ ọwọ́ ewéko ni àwọn baba wa wò tí wọ́n fi pe èyí tó ń káwọ́ kò béèyàn bá fọwọ́ kàn án ní patanmọ́. Ní ti ọ̀pẹ òyìnbó, ó jọ pé ewé rẹ̀ ni wọ́n wò. Ara rẹ̀ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì wò ní tiwọn: pineapple ni wọ́n ń pe ohun tí mo mú lọ́wọ́ yìí látijọ́, kí wọ́n tó gbé orúkọ náà fún èso tá à ń jẹ.

Nítorí náà, mo dá a lábàá pé ká máa pè é ní arójòpanumọ́. Bí kò bá tẹ́ ẹ yín lọ́rùn, ẹ mú tiyín wá, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ọmọdé gbà pé ẹnu igbó tí a kò bí àwọn baba wa sí ni èdè wa máa ń dúró.