Irin Kékeré Tó Wà Nínú Àpò Mi

Kí a tó gba ọlidé, mo ṣèlérí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé màá mú nǹkan bọ̀ láti Manchester. Ṣokoléètì ni wọ́n ń retí. (Ó yọ́ lọ́nà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.)

Àńtí mi, àbúrò mọ́mì mi, ló fi tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́. Ọkọ wọn, tí mò ń pè ní Bọ̀dá, fẹ́ràn kí wọ́n máa gun òkè bí àwa ṣe fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Sátidé kan nínú oṣù kẹjọ, wọ́n ní, "Dìde, wọ súwẹ́tà, a fẹ́ lọ wo bàálù." Mo ṣe bí pápá ọkọ̀ òfurufú là ń lọ. Mo tiẹ̀ wọ bàtà funfun mi.

Òkè Bleaklow là ń lọ, lẹ́bàá ìlú Glossop. Ó ga ju mítà 600 lọ. Ẹ̀yin tí a jọ lọ sí Olúmọ, ẹ gbàgbé àtẹ̀gùn yẹn o. Òkúta pẹlẹbẹ ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀nà níbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó ku ilẹ̀ dúdú tó rọ̀ bí ẹ̀bà tí omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún wọlé dé orúnkún. Mo fẹ́ sunkún, àmọ́ ọmọ àńtí mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń fò níwájú bí ewúrẹ́. Ojú tì mí.

Lójijì la yọ sí i. Ẹ́ńjìnnì ńláńlá, ẹsẹ̀ bàálù, irin funfun tó fọ́n káàkiri ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ò dípẹtà, àfi bí ẹni pé lánàá ló já. Àwọn èèyàn ti ri àgbélébùú kéékèèké mọ́lẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú òdòdó pupa.

Bọ̀dá ṣàlàyé. Bàálù B-29 ti àwọn ológun Amẹ́ríkà ni, "Over Exposed" lorúkọ rẹ̀, torí fọ́tò ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó wà lára àwọn tó ya fọ́tò nígbà tí Amẹ́ríkà dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò ní Bikini ní 1946. Ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá 1948, ó kàn ń ti Scampton lọ sí Burtonwood ni, ìrìn tí kò tó wákàtí kan, ó gbé lẹ́tà àti owó oṣù àwọn sójà. Kùrukùru bo òkè. Ó jọ pé awakọ̀ rò pé àwọn ti kọjá ibẹ̀, ó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wọn, èèyàn 13, ló kú. Ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n padà sílé.

Lẹ́tà yẹn ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó kọ ọ́ á máa retí èsì.

Síbẹ̀ náà, nígbà tí wọ́n kẹ̀yìn sí mi, mo mú irin kan, kò ju ìka mi lọ, ó ní ihò mẹ́ta lára. Mo fi sápò. Mo ti ń rò bí màá ṣe gbé e kọ́ sára pátákó ìwé ìròyìn wa yìí gan-an, pẹ̀lú orúkọ mi lábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí mo ń bọ́ súwẹ́tà nídìí mọ́tò ló já bọ́. Bọ̀dá ṣà á, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn ní, "Ṣé o lè mú nǹkan kúrò lórí sàréè bàbá rẹ àgbà?" Mi ò lè fèsì. Mo bẹ̀bẹ̀ pé ká padà gòkè, àmọ́ kùrukùru ti sọ̀, a ò rí orí òkè mọ́. Wọ́n ní àwọn á dá a padà fúnra wọn. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni mo wọ bàálù wálé, mi ò sì sùn lójú ọ̀nà.

Nígbà tí mo sọ fún mọ́mì, Lísà ni wọ́n dárúkọ, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, níbi tí bàálù Bellview já sí ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 2005, tí èèyàn 117 kú. Kò jìnnà sí wa. Mi ò débẹ̀ rí.

Àńtí mi pè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo fẹ́ béèrè bóyá Bọ̀dá ti dá irin yẹn padà. Mo kàn ní kí wọ́n bá mi kí wọn.