Ọ̀gá tó ni katapílà ló ń kánjú, àbúrò mi ló ń so ṣéènì

Àbúrò mi, ẹni tó tẹ̀ lé mi gan-an, mọ́tò bọ́yì ni lẹ́yìn lobẹ́ẹ̀dì n'Ìkòròdú níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ò bá mọ lobẹ́ẹ̀dì, tírélà gígùn tí àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀ pẹlẹbẹ ni. Òun ni wọ́n fi ń gbé katapílà àti ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì káàkiri, nítorí àwọn ẹ̀rọ yẹn ò lè fẹsẹ̀ ara wọn rìn láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ti ní ìrìn-àjò, ìyá wa kì í sùn. Aago mẹ́wàá, wọ́n á pè mí: "Ṣé àbúrò ẹ ti pè ẹ́?" Aago méjìlá, wọ́n á tún pè. Tó bá fi máa di aago méjì òru, wọn ò ní í bèèrè nǹkan kan mọ́, wọ́n á kàn máa gbàdúrà sí mi létí lórí fóònù ni.

N ò lè bá màmá wí. Ta ló gbàgbé Ojúẹ̀lẹ́gba? Lọ́jọ́ 2, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2015, kọ̀ǹtéńà já bọ́ lórí afárá Ojúẹ̀lẹ́gba, orí jíìpù kan tó wà nísàlẹ̀ tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló sì bọ́ lé, èèyàn mẹ́ta ló bá a lọ. Ìjọba sọ̀rọ̀, gbogbo wa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì rọlẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 29, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2023, níbì kan náà, lára afárá kan náà, kọ̀ǹtéńà mìíràn tún wó lu bọ́ọ̀sì akérò. Èèyàn mẹ́sàn-án ló kú lọ́jọ́ yẹn, ọmọdé wà nínú wọn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo wá mọ̀ báyìí fún yín. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọ̀ǹtéńà ló ní ihò lábẹ́. Irin mẹ́rin wà lára ìdí tírélà tó yẹ kó wọnú àwọn ihò yẹn, wọ́n á wá yí i kó tì pa. Yíyí irin mẹ́rin yìí, kò tó ohun téèyàn ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe. Tí wọn ò bá yí i, kọ̀ǹtéńà kàn jókòó lásán lórí tírélà ni, bí ẹni gbé igbá lé orí tí kò fọwọ́ dì í mú. Tí wọ́n bá ti yà bàrà báyìí, ó di kó máa bọ̀ nílẹ̀.

Àmọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ohun táwọn èèyàn á sọ ni pé eré ló pa wọ́n, tàbí pé bíréèkì ló kọ̀, àwọn mìíràn á ní ayé ló wà nídìí ẹ̀. Èmi ò jiyàn pé ayé wà o. Ṣùgbọ́n ayé kọ́ ló ní kí wọ́n má yí irin. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní mo fẹ́ẹ́ fojú ara mi rí ohun tí àbúrò mi ń ṣe. Mo lọ bá dírẹ́bà wọn, bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, pé kí wọ́n jẹ́ n bá wọn gbé katapílà kan tó ń lọ s'Ẹ́pẹ̀ẹ́ láti yáàdì wọn l'Ódògùnyán. Bàbá wò mí tòkè tilẹ̀, wọ́n ní, "Oníwèé ìròyìn, ṣé o lè ṣàìsùn?" Mo ní mo lè ṣe é. Wọ́n ní kí n máa bọ̀.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo débẹ̀. Mo rò pé wọ́n á kàn gbé ẹrù, wọ́n á sì máa lọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Orí tírélà ni wọ́n kọ́kọ́ so mọ́ ìdí. Lábẹ́ iwájú lobẹ́ẹ̀dì, irin kan yọ síta tí wọ́n ń pè ní kínpínì. Kò nípọn ju ínǹṣì 2 lọ, tàbí mẹ́ta ààbọ̀ lára àwọn tó lágbára jù. Ẹ rò ó wò, irin tí kò ju ọrùn-ọwọ́ èèyàn lọ ló ń fa gbogbo ẹrù yẹn! Ẹ̀yìn orí tírélà ní irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi gírísì kùn, ẹnu wà lára ẹ̀. Tí dírẹ́bà bá rọra bá ẹ̀yìn wọlé, kínpínì á wọ ẹnu yẹn, ẹnu á sì pa dé, gbà! Dírẹ́bà mìíràn, tó bá ti gbọ́ gbà yẹn, ó parí lójú tiẹ̀. Kò parí lójú Bàbá. Wọ́n ní kí àbúrò mi wọ abẹ́ tírélà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, kó lọ wò ó bóyá ẹnu yẹn di ọrùn kínpínì mú yíká, bóyá àlàfo kankan ò sí láàrin irin pẹlẹbẹ àti ikùn lobẹ́ẹ̀dì. Tí iná tọ́ọ̀ṣì bá là á kọjá, á jẹ́ pé òkè ni kínpínì jókòó sí, kò wọlé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n so rọ́bà afẹ́fẹ́ méjì, pupa àti búlúù. Búlúù ló ń gbé ìròyìn lọ fún bíréèkì ẹ̀yìn nígbà tí dírẹ́bà bá tẹ̀ ẹ́. Pupa ló ń fún ìdí tírélà lẹ́mìí. Tí pupa bá já lójú ọ̀nà, táyà ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ dì fúnra ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ti so ó tán, Bàbá fi bíréèkì di ìdí tírélà mú, wọ́n wá fi orí fà á síwájú díẹ̀, kó má baà jẹ́ pé òun ni yóò kọ́kọ́ já lójú títì. Ẹsẹ̀ irin méjèèjì tí ìdí tírélà fi ń dúró ṣì wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Ìgbà tó yege tán ni àbúrò mi tó wá ń yí ẹsẹ̀ náà gòkè, tí òógùn ń bọ́ lójú ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó kan katapílà. Ẹ̀rọ yẹn lé ní 20 tọ́ọ̀nù. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n wá, wọ́n fi wẹ́jì há táyà, wọ́n fi ṣọ́bìrì ha gbogbo amọ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ katapílà kúrò, wọ́n tún to pákó sórí irin tó máa gbà gòkè. Irin lórí irin, bí ẹni tẹ ilá tútù ni. Kò sẹ́ni tí Bàbá gbà fún kó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí lẹ́yìn, èmi pàápàá tí mo fẹ́ẹ́ ya fọ́tò, wọ́n lé mi dà nù. Ẹni tó ń wa katapílà gùn ún tààrà, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì.

Ibi tó máa jókòó sí gan-an wá di àríyànjiyàn. Tó bá sún sẹ́yìn jù, ó máa gbé orí tírélà fúyẹ́, táyà orí ò ní í di ilẹ̀ mú mọ́, ìdí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jù bí ìrù ajá. Tó bá sún síwájú jù, á tẹ orí pa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi píkọ́ọ̀pù fa jẹnẹrétọ̀ lórí tírélà kékeré, ọ̀rọ̀ yín náà nìyí: nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ẹrù ló yẹ kó wà níwájú táyà tírélà yẹn, kí ìdá 10 sí 15 nínú ìwúwo ẹ̀ sì tẹ ibi tẹ́ ẹ fi kọ́ mọ́tò. (Èyí tí mò ń rí ní Ṣàgámù Road, tí wọ́n ń fi okùn ọ̀rá so míkísà kọ̀ǹkéré mọ́ ìdí mọ́tò, n ò mọ ohun tí mo lè pe ìyẹn.)

Wọ́n ká ọwọ́ katapílà, wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lélẹ̀, wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Bàbá fi téèpù wọn gíga ẹ̀ láti ilẹ̀. Bíi mítà 4 ni. Tí wọn ò bá ká ọwọ́ yẹn sílẹ̀ dáadáa, wáyà NEPA ni yóò kọ́kọ́ pàdé, tàbí afárá ẹlẹ́sẹ̀.

Ó wá ku ṣéènì. Òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ẹ̀rọ tó bá ti wúwo ju nǹkan bí 4,500 kìlógíráàmù lọ, ó kéré tán, ibi mẹ́rin ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti so ó, kí agbára gbogbo ohun tí wọ́n fi so ó sì tó ìdajì ìwúwo ẹrù náà. Bàbá ò ka òfin Amẹ́ríkà, àmọ́ igun mẹ́rin náà ni wọ́n ní kí wọ́n so. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ṣéènì tó dáa ní yáàdì ò ju mẹ́ta lọ. Méjì tó kù ti já rí, bóòtì àti nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi so ojú ibi tó já pọ̀. Àbúrò mi gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun ò lò ó. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn tó wà ní yáàdì kejì lọ láti yá ẹyọ kan. Ó ju wákàtí kan lọ kó tó dé.

Àárín ìgbà yẹn ni ọ̀gá wọn pè. Ọ̀gá yìí ló ni katapílà, òun náà ló ni lobẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó ń kọ́lé l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ ló gba katapílà lọ́wọ́ ẹ̀, iye wákàtí tó bá fi ṣiṣẹ́ ni wọ́n sì ń sanwó fún. Bàbá gbé fóònù sí gbangba.

"Bàbá, kí lẹ tún ń ṣe ní yáàdì di ìsinyìí?"

"Ṣéènì la ń so, ọ̀gá."

"Ṣéènì! Ṣé ẹṣin lẹ gbé ni, tẹ́ ẹ ti ń so ó látìrọ̀lẹ́? Àwọn èèyàn ń retí ẹ̀ láago méje àárọ̀ o!"

"Ẹ máa fọkàn balẹ̀, ọ̀gá. Tó bá já bọ́, kò ní í ṣiṣẹ́ láago méje, kò sì ní í ṣiṣẹ́ láago mẹ́jọ."

Ọ̀gá pa fóònù. Bàbá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àbúrò mi ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ fún wọn pé kí wọ́n ra ṣéènì méjì. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ń wí." Ní poli tí mo ti kọ́ iṣẹ́ ìròyìn, wọ́n kọ́ wa pé ká máa bèèrè ta ni, kí ni, níbo. Lójú mi, ó yẹ ká fi èló ni ṣéènì kún un.

Ó lé díẹ̀ láago mẹ́sàn-án alẹ́ ká tó gbéra. Òfin ìrìnnà tí Èkó ṣe lọ́dún 2012 ló sọ tírélà di ẹyẹ òru, torí ó ní kí wọ́n má rìn nígboro láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́sàn-án alẹ́, àfi ọkọ̀ epo àti bọ́ọ̀sì akérò. A bọ́ sí ràǹdàbáò Ìkòròdú, a yà sí ọ̀nà Ìtòìkín. A ò tíì rìn jìnnà, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjá Adámọ̀ ni, tí Bàbá dúró. Wọ́n ní kí àbúrò mi lọ wo ṣéènì. Mo bá a sọ̀ kalẹ̀. Ẹ ò ní í gbà mí gbọ́: ṣéènì tó le bí awọ ìlù l'Ódògùnyán ti ń jò jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀. Ẹrù máa ń jókòó sílẹ̀ sí i tí mọ́tò bá ti gbọ̀n díẹ̀, gbogbo ohun tí wọ́n so á sì dẹ̀. Wọ́n tún gbogbo ẹ̀ fún. Ní Ìmọ̀tà, wọ́n tún dúró, kò fi bẹ́ẹ̀ dẹ̀ mọ́.

Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti 2012, tó wà lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC, ní tírélà ò gbọ́dọ̀ sáré ju kìlómítà 45 ní wákàtí kan lọ láàrin ìlú, 50 lójú ọ̀nà ńlá, 60 ní ẹkisipírẹ́ẹ̀sì. Bàbá ò dé 50 rárá. Àwọn bọ́ọ̀sì akérò ń fọn fèrè sí wa lẹ́yìn, àwọn kan ń ṣépè, wọ́n á sáré kọjá, wọ́n á sì já wọlé síwájú wa pìrì. Ẹ dákun, ẹ̀yin dírẹ́bà, orí tírélà, ìdí ẹ̀ àti katapílà yẹn, gbogbo ẹ̀ lé ní 40 tọ́ọ̀nù. Kò lè dúró bíi kórópe. Tí Bàbá bá sì tẹ bíréèkì lójijì nítorí yín, ṣéènì mẹ́rin yẹn nìkan ló wà láàrin katapílà àti ẹ̀yìn orí àwa mẹ́ta tá a jókòó níwájú.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ nǹkan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ àti Ìbẹ̀jú-Lẹ́kìí ló mú kí lobẹ́ẹ̀dì pọ̀ lọ́nà yìí. Àwọn ẹrù tó tóbi jù ń gba orí omi wá ní tiwọn. Ọ̀pá ńlá tí wọ́n fi ń pín epo rọ̀bì ní ilé ìfọpo Dangote, tó lé ní 2,000 tọ́ọ̀nù, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé láti ilẹ̀ Ṣáínà ní ìparí ọdún 2019. Èyí tó bá ti kéré sí i, ọ̀nà títì ni, ọwọ́ àwọn bí àbúrò mi ló sì wà.

A dé Ẹ̀pẹ́ ní nǹkan bí aago kan òru. Katapílà sọ̀ kalẹ̀ láìsí ìfarapa. Aago méje tí ọ̀gá ń pariwo ẹ̀, àwọn tó gbà á ò tíì dé.

Láti ìgbà náà, ọ̀gá ò tíì ra ṣéènì. Àwọn yáàdì kejì ti gba tiwọn padà. Bùlúdósà kan ni wọ́n fẹ́ẹ́ gbé báyìí, ó sún mọ́ 40 tọ́ọ̀nù, Ẹ̀pẹ́ náà ló ń lọ. Àbúrò mi pè mí lọ́jọ́ Ajé pé òun ti sọ fún Bàbá, tó bá jẹ́ mẹ́ta yẹn àti oníbóòtì ni wọ́n máa lò, òun ò bá wọn lọ, ọ̀gá sì ti ní ẹni tí ò bá fẹ́ iṣẹ́ kó gbé báàgì ẹ̀. Ó bi mí pé kí ni mo rí sí i. Mo ní tí wọ́n bá lé e, kó máa bọ̀ nílé mi, a ó jọ máa jẹ èyí tó bá wà. Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yìí ni wọ́n fẹ́ẹ́ gbéra.