Ogún Tí Ajá Ń Jẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni bíni là á jọ. Bí ó ti rí fún ọmọ ènìyàn ni ó rí fún ajá. Àrùn pẹ̀lú a máa jẹ́ ogún.

Ní Sabon Gari, àdúgbò àwa àlejò ní ìlú Kánò, aládùúgbò mi kan ní akọ ajá Dalmatian, funfun tí ó ní àmì dúdú tótòtó lára. Nígbà tí ó yá, ajá náà a gbé ẹsẹ̀ sókè lẹ́bàá gọ́tà títí, ìtọ̀ kò ní jáde àfi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan ní májèlé ni, àwọn mìíràn ní aráyé ni. Òkúta wẹ́wẹ́ ni dókítà ẹranko yọ nínú àpòòtọ̀ rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ajá, ẹ̀dọ̀ a máa sọ uric acid di ohun tí ó tètè ń yòrò nínú omi. Ti Dalmatian kò rí bẹ́ẹ̀: uric acid a pọ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, ó sì lè ṣù di òkúta. Ọ̀nà ìtọ̀ akọ tóóró, òun ni ó sì sábà ń dí. Omi púpọ̀ àti yíyẹra fún ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ẹran a máa ran irú ajá bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ní ọdún 2008 ni àwọn onímọ̀ rí àbùdá tí ó fà á, SLC2A9. Ajá tí ó bá gba èyí tí ó lábùkù lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ni àléébù náà ń hàn lára rẹ̀. Èyí tí ó gba ẹyọ kan yóò kàn máa rù ú fún ọmọ ni. Àwa tí a mọ AS àti SS, èyí kò ṣàjèjì sí wa.

Aládùúgbò mi ń wá abo Dalmatian tí kò ní àdàlù fún ajá rẹ̀, ó tilẹ̀ ti gba owó ọmọ ajá sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àìládàlù yẹn gan-an ni wàhálà." Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo Dalmatian pọ́ńbélé ni ó gba àbùkù náà níhà méjèèjì. Ìdí nìyí tí Robert Schaible ní Amẹ́ríkà fi mú ajá ọdẹ Pointer gun Dalmatian ní ọdún 1973, tí ó sì ń mú àtọmọdọ́mọ wọn gun Dalmatian padà, títí ó fi ní ajá onítótòtó tí ìtọ̀ rẹ̀ dára. Lónìí, òwú tí a fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá tó fún àyẹ̀wò náà.

Ẹ̀gbọ́n dákẹ́ pẹ́. Ó dá owó náà padà.

Ní ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò sọ àyẹ̀wò ṣáájú ìgbéyàwó di òfin, jẹ́nótáìpù sì wà lára rẹ̀. Ajá kò lè béèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí ẹnìkejì rẹ̀ ní. Àwa tí a ń sìn wọ́n ni kí a bá wọn béèrè, kí a tó wo ẹwà awọ.