Ẹ̀gẹ́, ìrèké àbí lápálápá: èwo ló lépo jù?

Gbogbo oko tí mo bá dé lẹ ti ń bi mí pé èwo ni ká gbìn fún epo ọkọ̀. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ tútù kan lè mú ẹ́tánọ́ọ̀lù bíi lítà 150 wá, ti ìrèké bíi 70. Àmọ́ éékà ìrèké kan ń mú tọ́ọ̀nù wá ju ti ẹ̀gẹ́ wa lọ dáadáa, pàǹtí rẹ̀ ni iléeṣẹ́ sì fi ń dáná. Ẹ̀gẹ́ á ṣì wá igi tàbí gáàsì. Lápálápá tí a fi ń ṣọgbà ńkọ́? Epo wà nínú kóró rẹ̀, ṣùgbọ́n májèlé ni. Tí oníbàárà bá sá, ta ló máa jẹ ẹ́? Ẹ̀gẹ́ ṣì lè di gàrí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má hú ẹ̀gẹ́ torí lápálápá láìgba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ ẹni tó máa rà á.